Kì Í Ṣe Mourinho Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Sọ Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì Náà Sí

Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí a ti máa ń pàdé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, kò sí àríyànjiyàn tó máa ń tètè parí bí èyí tó bá kan José Mourinho, kóòṣì bọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Potogí. Ẹnì kan á ní, "Mourinho kọ́ ni? Bọ́ọ̀sì ló máa páàkì," gbogbo ilé á gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àgbà gbà á, ọmọdé tí wọn kò tí ì bí nígbà tí ọkùnrin náà gba ife ẹ̀yẹ Champions League àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2004 náà gbà á. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbígbá, pé kí ó kó agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá sẹ́nu ilé ni gbogbo ọgbọ́n tó ní, àti pé agbéraga ni, tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un kò lè fẹ́ràn. Mo ti gbọ́ ọ títí, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìgbàgbọ́ náà kò mọ sẹ́nu òǹwòran mọ́. Ó ti dé orí pápá wa. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, mo sì ti rí kóòṣì ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 máa gbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, tó sì fi ìdánilójú sọ fún mi pé bí Mourinho ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mourinho kì í ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí kò tí ì pẹ́ tó dé Chelsea, Tottenham wá bá wọn gbá ní Stamford Bridge. Chelsea kọlù wọ́n títí, Tottenham kó gbogbo ara wọn sẹ́yìn, eré náà sì parí sí ọ̀mì, 0-0. Inú bí Mourinho. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń wí ní ilẹ̀ Potogí, ńṣe ni Tottenham gbé bọ́ọ̀sì wá, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ síwájú ilé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ẹnu àwọn òǹwòran ní Ìlú Ọba, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ẹni tó sọ ọ́ ni ẹni tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́, tó fẹ́ jẹ ayò, tí kò rí i jẹ. Ẹ̀sùn tó fi kan ẹlòmíràn ni àwa wá sọ di oríkì rẹ̀.

Ní sáà náà gan-an, góòlù 15 péré ni wọ́n gbá wọlé Chelsea nínú eré líìgì 38, àmì tí wọ́n sì kó jọ jẹ́ 95. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé adílé ni Mourinho ló máa ń mẹ́nu kan 15 yìí. Àwọn kan náà kì í sọ pé Chelsea gbá góòlù 72 wọlé àwọn ẹlòmíràn ní sáà kan náà, tàbí pé Arsenal nìkan ló gbá jù wọ́n lọ. Arjen Robben àti Damien Duff wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, eré sísá ni iṣẹ́ wọn. Frank Lampard, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín, gbá góòlù 13 ní líìgì. Lára ìdí tí góòlù tó wọlé wọn fi kéré ni pé bọ́ọ̀lù máa ń wà lẹ́sẹ̀ wọn nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n. Mourinho ti ń kọ́ni láti ìgbà tó wà ní ikọ̀ Porto, kí ó tó dé Chelsea, pé ikọ̀ lè fi bọ́ọ̀lù sinmi: dípò kí ẹ sá sẹ́yìn lọ mí, ẹ di bọ́ọ̀lù mú, kí ẹ máa gbé e fún ara yín, kí àwọn tó ń sáré kiri jẹ́ àwọn tí ẹ ń bá gbá. Ẹni tó ń sá fún bọ́ọ̀lù kò lè kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Real Madrid, ikọ̀ Sípéènì tó padà lọ darí, ni ẹ̀rí tó wà lọ́kàn mi jù. Bí òótọ́ bá ni pé ẹ̀yìn dídí ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn, ibi tí wọ́n ti fún un ní owó àti agbábọ́ọ̀lù tó wù ú ló yẹ kí a ti rí i. Ní sáà 2011-12, Real Madrid rẹ̀ gbá góòlù 121 nínú eré líìgì 38. Ó ju mẹ́ta lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Góòlù 107 tí Real Madrid kan náà gbá lábẹ́ John Toshack ní sáà 1989-90 ló wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé, ó sì ti pé ọdún 22 tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án. Cristiano Ronaldo gbá 46, Gonzalo Higuaín gbá 22, Karim Benzema gbá 21. Barcelona tí Pep Guardiola ń darí, tí Messi ti gbá 50 ní líìgì nìkan, tí gbogbo ayé ń pè ní olùkọ́ bọ́ọ̀lù tó dára, gbá 114. Real Madrid gba líìgì pẹ̀lú àmì 100, wọ́n sì ni àkọ́kọ́ tó dé iye yẹn ní Sípéènì.

Mo máa ń bi àwọn ọ̀rẹ́ mi pé: bọ́ọ̀sì wo ló ń gbá góòlù 121? Wọn kì í dá mi lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé alẹ́ kan ṣoṣo ni a mú, tí a fi ṣe ìdájọ́ gbogbo ìgbésí ayé ẹni. Àwa ọmọ Òṣogbo, ọmọ ìlú aró, ló yẹ kí a mọ̀ pé aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan kò tí ì gba àwọ̀. Ó di kí a yọ ọ́, kí a sá a, kí a tún rì í lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni ìrìbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà. Inter Milan, tí Mourinho ń darí nígbà náà, lọ bá Barcelona ní Camp Nou nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League, wọ́n fi gbogbo ara dí ilé, Barcelona borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo, Inter sì wọ àṣekágbá. Ohun tí a rántí nìyẹn. A kò rántí pé ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú, ní San Siro, Barcelona ló kọ́kọ́ jẹ ayò, tí Inter sì kọlù wọ́n títí wọ́n fi gbá mẹ́ta wọlé láti ẹsẹ̀ Sneijder, Maicon àti Milito. Maicon yìí, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. Kí ló gbé e dé iwájú ilé Barcelona bí kì í ṣe pé kóòṣì rẹ̀ ló rán an lọ síbẹ̀?

A kò tún rántí pé ní Camp Nou, orúkọ Goran Pandev, agbábọ́ọ̀lù iwájú, ló wà nínú àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré, kí wọ́n tó fi Cristian Chivu rọ́pò rẹ̀ nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 28, rẹfirí fún Thiago Motta ti Inter ní káàdì pupa. Ó wá ku ènìyàn mẹ́wàá tí yóò bá Messi, Xavi àti àwọn yòókù gbá fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, nígbà tí ayò méjì ṣì wà lọ́wọ́ Inter. Èmi kò mọ kóòṣì tó gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n máa sáré lọ síwájú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Samuel Eto'o, agbábọ́ọ̀lù iwájú Inter, tó ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Barcelona kan náà títí àwọn èrò fi sọ ọ́ di tiwọn, ló padà wá ń ṣọ́ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Piqué ti Barcelona jẹ ayò kan ní ìṣẹ́jú 84, ó sì tán síbẹ̀. Nínú àṣekágbá ní Madrid, Inter lu Bayern ní 2-0, Diego Milito ló gbá méjèèjì.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Mourinho fẹ́ràn gan-an, bí ó ṣe ń kọ́ ikọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí a wò. Ọ̀nà ìkọ́ni tó ń tẹ̀ lé jáde láti ọ̀dọ̀ Vítor Frade, olùkọ́ kan ní yunifásítì ìlú Porto. Nínú ọ̀nà yìí, ẹnikẹ́ni kì í sáré yí pápá ká lásán láti lè ní agbára. Bọ́ọ̀lù wà nínú gbogbo ìdárayá, ìdárayá kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jọ nǹkan tí yóò ṣẹlẹ̀ lójú eré. Wọ́n pín eré sí ìgbà mẹ́rin: ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, ìgbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn, ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, àti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù rẹ̀. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ọkàn Mourinho wà. Ó gbà pé ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí bọ́ọ̀lù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnì kan bọ́ sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó dúró síbi tó yẹ kí ó dúró, ibẹ̀ ni góòlù sì máa ń wà. Ìdí nìyí tí Real Madrid rẹ̀ fi ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ilé tiwọn, tí ó sì ń wọ àwọ̀n ẹlòmíràn lẹ́yìn ìfúnni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé wọ́n wà lẹ́yìn, á sì pè é ní bọ́ọ̀sì. Pańpẹ́ ni.

N kò ní sẹ́ ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ní Anfield, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Chelsea rẹ̀ dí ilé, wọ́n sì fi àkókò ṣòfò láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n tó lu Liverpool ní 2-0. Nígbà tó ń darí Manchester United àti Roma, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra ju bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí Roma lu Feyenoord ní 1-0 nínú àṣekágbá Conference League ní Tirana lọ́dún 2022, wọ́n lo ìdajì kejì eré náà láti ṣọ́ góòlù kan tí Zaniolo gbá. Ó dun àwa ọmọ Nàìjíríà, nítorí Cyriel Dessers tiwa, tó ń gbá fún Feyenoord, tó gbá góòlù 10, tí kò sì sí ẹni tó gbá tó o nínú ìdíje náà, ni wọ́n dí mọ́. Ṣùgbọ́n ikọ̀ Roma yẹn kò ní irú Özil tàbí Ronaldo tó ní ní Real Madrid. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi jagun.

Ti ìwà rẹ̀ ló kù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, ó bẹ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n má pe òun ní agbéraga, ó ní òun ti gba ife Yúróòpù, òun sì rò pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹni àkànṣe. Àwọn ìwé ìròyìn gé ẹ̀bẹ̀ náà kúrò, wọ́n sì yí "ọ̀kan nínú" padà sí pé òun nìkan ni. Ó ní àṣìṣe tirẹ̀, wọn kò sì kéré: ó fi ìka gún Tito Vilanova, igbákejì kóòṣì Barcelona, lójú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ohun tó sì ṣe sí dókítà ikọ̀ rẹ̀ ní Chelsea lọ́dún 2015 kò dára rárá. Àmọ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kò fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ ni. Ní alẹ́ àṣekágbá 2010, nígbà tó fẹ́ kúrò ní pápá, ó rí Marco Materazzi, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Inter, níta, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lọ dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ọmọdé. Ìparí eré nìkan ni Materazzi wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹni tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì bá lè sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí pé kóòṣì rẹ̀ ń fi Inter sílẹ̀, kí ni kí a pè é? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ní Roma, ó fún Felix Afena-Gyan, ọmọ Gánà tó jẹ́ ọdún 18, láǹfààní láti wọlé bá Genoa gbá; ọmọ náà gbá góòlù méjì, Mourinho sì ra bàtà tó ti ṣèlérí fún un.

Ní ilẹ̀ wa, ẹjọ́ Mikel Obi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà sí i lọ́rùn. Ó dun èmi náà, nítorí Messi nìkan ni wọ́n kà sí ẹni tó ju Mikel lọ nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2005, ọmọ yẹn sì ń ṣe iwájú lọ́ṣọ̀ọ́. Mourinho ló fà á padà sẹ́yìn ní Chelsea. Ṣùgbọ́n Mourinho fi Chelsea sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, kò sì padà síbẹ̀ títí di 2013. Grant, Scolari, Ancelotti àti Di Matteo ló wà níbẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lò ó, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tó gba Champions League lọ́dún 2012. Bí ẹ̀bi bá wà, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn pín in.

Mo fi eré Barcelona àti Real Madrid ti ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2012 han kóòṣì ẹlẹgbẹ́ mi lórí fóònù. Nígbà tó dé ibi tí Özil ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́yìn Mascherano, tí Ronaldo yí Valdés, aṣọ́lé Barcelona, ká, tí ayò sì di 2-1 ní Camp Nou, ó ní kí n dá a padà. A wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdì kejì pápá, ó ń pariwo sí ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù pé kí ó gbé ojú sókè, kí ó wo ẹni tó ń sáré lápá òsì.