Wọ́n gba kírẹ́dìtì yín, àmọ́ ibo ni wọ́n kó o sí?

"Kírẹ́dìtì 60 ni mo kó wá, 120 ni dìgírì ń béèrè, ó ku ọdún méjì péré." Lọ́dọọdún ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bọ́ sí yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí lẹ́tà ìgbàwọlé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òbí pàápàá ń bá wọn sọ ọ́, wọ́n á ti máa ka oṣù tí ọmọ yóò gboyè. Ìṣirò náà dán lójú, mo mọ̀: ọdún kan, kírẹ́dìtì 30, ọdún méjì, 60. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìgbà tí wọ́n bá rò pé àwọn ti fẹ́ẹ́ parí ni wọ́n sábà ń mọ̀.

Lẹ́tà yẹn sọ pé wọ́n ti gbà yín wọlé. Kò sọ ibi tí ẹ dé lójú ọ̀nà.

Nǹkan méjì ni yunifásítì ń ṣe sí kírẹ́dìtì tí ẹ kó wá. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn yóò gbà á wọlé rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wò ó bóyá ó dí àyè kankan nínú ohun tí dìgírì yín ń béèrè. Gbígbà yàtọ̀ sí lílò. Ọ́fíìsì kan ló sábà ń ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ló sì máa ń ní ọ̀rọ̀ jù lórí ìkejì, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní ọjọ́ kan náà. Àwọn ọmọ wa ń ka ti àkọ́kọ́, wọ́n á pa ìwé náà dé.

Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan nígbà tó ṣí àbájáde àyẹ̀wò kírẹ́dìtì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lókè pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé nínú kírẹ́dìtì 61 tó kó wá, 58 ni wọ́n gbà. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, mẹ́ta péré ló sọnù!" Mo ní kó yí ojú ewé náà wálẹ̀. Apá òsì ni orúkọ kọ́ọ̀sì tó ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ wà, apá ọ̀tún ni ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Kọ́ọ̀sì ìwé kíkọ, ó bára mu. Máàtì, ó bára mu. Kẹ́mísírì, wọ́n gba ti kíláàsì, wọn ò gba láàbù tó bá a rìn mọ́ ọn. Nígbà tí a dé Statistics, ọ̀rọ̀ tó wà lápá ọ̀tún yí padà: elective. Ìlà tó tẹ̀ lé e, elective. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ wálẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ elective lórí ìwé yẹn jẹ́ èyí tí wọ́n gbà, àmọ́ tí kò bá ohunkóhun mu nínú ohun tí dìgírì là sílẹ̀. Ó kàn ń kún iye ni.

A mú bírò, a kà á. Kírẹ́dìtì 34 ló bá ohun tí dìgírì rẹ̀ ń béèrè mu. 24 tó kù jẹ́ elective, bẹ́ẹ̀ àyè elective 12 péré ni dìgírì náà ní. 12 mìíràn wà lórí ìwé, wọ́n gbà á, kò sì wúlò fún nǹkan kan. 34 pẹ̀lú 12, ó jẹ́ 46. Ohun tó kù láti ṣe jẹ́ 74, kì í ṣe 62. Tó bá ń ṣe 30 lọ́dún, ọdún méjì kò tó. Yóò mú sẹ̀mẹ́sítà kan mọ́ ọn. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tó parọ́ fún un: 58 tí wọ́n kọ sókè, òótọ́ ni. Òun àti gbogbo àwa tó yí i ká la fi iye tí wọ́n gbà ṣe iye tí wọ́n lò.

Kì í ṣe òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. GAO, àjọ tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé ìròyìn kan jáde lọ́dún 2017 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 2004 sí 2009. Wọ́n fojú bù ú pé ìdá 43 nínú 100 kírẹ́dìtì wọn ló ṣòfò. Láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó jẹ́ ìdá 37. Àwọn tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èrè lọ sí ti ìjọba, ìdá 94 ni tiwọn. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní "gbogbo kírẹ́dìtì ni wọ́n máa ń gbà."

Èyí tó tún máa ń da ojú rú ni ti kúọ́tà àti sẹ̀mẹ́sítà. Bí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ yín bá ń lo kúọ́tà (sáà ẹ̀kọ́ tó kúrú ju sẹ̀mẹ́sítà lọ), tí tuntun sì ń lo sẹ̀mẹ́sítà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n ń kà fún yín. 90 di 60. Èyí kì í ṣe ìrẹ́jẹ, nítorí pé 180 ni dìgírì níbi tí wọ́n ti ń lo kúọ́tà. Ibi tó ti ń ta yín ni ti kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: kọ́ọ̀sì oní-4 á di 2.67, bẹ́ẹ̀ àyè tó yẹ kó dí ń béèrè 3. Ó lè ku díẹ̀ káàtó bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní láti bi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín bóyá wọn yóò mójú kúrò níbi ìdá tó kù náà.

Ti GPA, ìpíndọ́gba máàkì yín lórí 4.0, kò gba àsọjù. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kírẹ́dìtì ló ń bá yín wọlé, máàkì kì í bá a wọlé. Ẹni tó ní 3.8 yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní 2.6 náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní 2.6 má sì rò pé ó ti pa rẹ́ o. Tó bá fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́jọ́ iwájú, AMCAS tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò béèrè èsì láti gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti lọ, wọn yóò sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ṣírò.

Ó wá tó ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yin tí lẹ́tà wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ dáhùn lẹ́tà náà, ẹ san owó ìdúró àyè kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn. Èyí tí kì í yé wọn ni pé ìgbàwọlé náà ní "bí" nínú. Wọ́n gbà yín bí sẹ̀mẹ́sítà tí ẹ ń parí lọ́wọ́ bá lọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ìwé èsì ìkẹyìn gbọ́dọ̀ tọ̀ wọ́n lọ, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí tuntun fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí máàkì ìkẹyìn tó jáde. Tí ẹ bá kánjú, èsì tí kò tíì pé ni yóò lọ, ẹ ó sì tún un san, ẹ ó tún un ṣe. Ẹ wọ pọ́tà, ẹ rí i pé máàkì gbogbo ti hàn, pé oyè ọlọ́dún méjì tí ẹ gbà ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá jẹ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lówó, ẹ yáa lọ yanjú rẹ̀ báyìí, torí pé gbèsè lè mú kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan di ìwé èsì mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, sílábọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé kò dà bí ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹ bá mi kó sílábọ́ọ̀sì gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ti ṣe jọ, èyí tó ní orúkọ ìwé tí ẹ lò, ohun tí wọ́n kọ́ yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wákàtí láàbù àti bí wọ́n ṣe pín máàkì. Ẹ kó o kí í-meèlì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó tì mọ́ yín lójú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í fi í sílẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kírẹ́dìtì yín kò mọ olùkọ́ yín, kò sì jókòó ní kíláàsì yín. Orúkọ kọ́ọ̀sì àti ìlà méjì àlàyé ló rí. Bí orúkọ náà kò bá jọ tiwọn, elective ni yóò fún yín, kò sì ṣe é láti fìyà jẹ yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sílábọ́ọ̀sì Statistics rẹ̀ kàn nínú fáìlì àtijọ́ kan. Ó tún kọ̀wé sí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní kẹ́mísírì, ìyẹn sì fi ti láàbù ránṣẹ́. Ó kó méjèèjì lọ bá olùdámọ̀ràn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èsì tó dé. Wọ́n gba Statistics sí àyè rẹ̀, kírẹ́dìtì 4. Wọ́n gba láàbù, kírẹ́dìtì 1. 74 di 69. Kírẹ́dìtì 9 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 15 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí ọdún méjì padà. Ìwé tó ti fẹ́ pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣe é.

Ẹ má sì wo iye nìkan, ẹ wo bí kọ́ọ̀sì ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí àkọ́kọ́, wọn ò ní gbà yín sí ìkejì, ìkejì náà sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo ti rí ẹni tí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo dá dúró fún odindi ọdún kan. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní degree audit, èyí tó ń fi ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tó kù nínú dìgírì yín hàn, kí ẹ sì bá olùdámọ̀ràn jókòó tì í kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan.

Òótọ́ ni pé àwọn ibì kan wà tí ìgbàgbọ́ pé ọdún méjì péré ló kù ti súnmọ́ òótọ́. Ní Califóníà, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 dá oyè ọlọ́dún méjì pàtàkì kan sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wọn. Ẹni tó bá gba oyè náà yóò ní àyè nínú California State University, àkójọ àwọn yunifásítì ìjọba kan níbẹ̀; tó bá sì dúró sórí ẹ̀kọ́ tó bá a mu, kírẹ́dìtì 60 ló kù fún un. Ní Flọ́rídà, nọ́ńbà kan náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń lò fún kọ́ọ̀sì kan náà. Àmọ́ kí ẹ kàn yí ẹ̀kọ́ padà báyìí, ẹ ó tún bọ́ sínú ìṣirò tí mo ṣe lókè.

Ọ̀rọ̀ owó náà so mọ́ ọn. FAFSA tí ẹ kọ, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kò mọ̀ pé ẹ ti kó kúrò. Ẹ̀yin ni ẹ ó wọ inú rẹ̀, tí ẹ ó fi nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ tuntun kún un. Owó tí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ fún yín látinú àpò ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó kò tó lọ́wọ́ ìdílé wọn, sì ní ìwọ̀n: sẹ̀mẹ́sítà 12 ni fún ẹni tó ń kàwé ní kíkún, láyé ẹni. Kírẹ́dìtì tó ṣòfò ti jẹ lára 12 yẹn. Èyí tí ẹ bá sì tún ṣe yóò jẹ lára ohun tó kù.

Ẹ̀yin tó wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́tà ìgbàwọlé kò gbé orúkọ yín láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, kí ẹ jọ dá ọjọ́ tí wọn yóò tú àkọsílẹ̀ yín sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tuntun nínú SEVIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti dópin. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun yóò fún yín ní I-20 tuntun, ìwé tó ń fi hàn pé ẹ tọ́ láti wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ju oṣù 5 lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, láàárín ọjọ́ 15 sí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yín bẹ̀rẹ̀ lórí I-20 ni kí ẹ ti lọ fara hàn ní ọ́fíìsì wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè fẹ́ pe ilé ẹ̀kọ́ láti béèrè. Wọn kì í sábà dá òbí lóhùn. Òfin FERPA ti ọdún 1974, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, sọ pé ọmọ tó ti wọ yunifásítì ló ni àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í bá òbí sọ ọ́ àyàfi tí ọmọ náà bá buwọ́ lù ú. Nítorí náà, ọmọ ni kí ẹ pè. Ẹ ní kó ṣí àbájáde àyẹ̀wò náà níwájú yín, kó yí i kọjá iye tó wà lókè, kí ẹ jọ máa ka apá ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.