Ilé tó kọjú sí òkun kọ́ ló dára jù fún ajá yín

Bí ẹ bá ti lè sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ mú ajá yín lọ lo ìsinmi ní abúlé etíkun, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbà yín: ẹ wá ilé tó súnmọ́ omi jù lọ. Wọ́n á ní kí ẹ ṣáà ti ṣílẹ̀kùn, kí ajá bọ́ sórí iyanrìn, ó parí. Bí ilé bá ṣe ń súnmọ́ omi sí i ni owó rẹ̀ ń gun òkè, ìyẹn náà sì ń jẹ́ ká rò pé ohun tí à ń sanwó gọbọi fún gbọ́dọ̀ dára fún ajá náà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò gbà á mọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké, torí pé ajá ò lẹ́nu tó máa fi sọ fún wa pé ibi tá a mú òun wá ò rọ òun lọ́rùn.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ mú ajá mi, Tanímọ̀la, lọ sí etíkun, ilé tó kọjú sí òkun gan-an ni mo gbà. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí iyanrìn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Alẹ́ la débẹ̀, ìró ìgbì ló gbé mi sùn, inú mi dùn kọjá ààlà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Wọ́n ya àwòrán ajá sí i, wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ aago sísàlẹ̀: láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ajá ò gbọdọ̀ tẹ iyanrìn yẹn, jálẹ̀ gbogbo àsìkò oòrùn. Onílé ò purọ́ fún mi. Ó ní ilé òun ń gba ajá, ilé rẹ̀ sì ń gba ajá lóòótọ́. Ohun tí mi ò béèrè ni bóyá etíkun tó wà níwájú ilé náà ń gba ajá.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti kọ́kọ́ dà rú nìyẹn. Etíkun tó wà níwájú àwọn ilé, tí ọmọdé ń ṣeré lé lórí, tí èrò ń wọ́ lọ sí, ni ìjọba ìbílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fòfin de ajá níbẹ̀. Ní ilẹ̀ England, ọ̀pọ̀ etíkun ni òfin náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún, tí kì í sì í kásẹ̀ nílẹ̀ títí ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹni tó bá rú u á sanwó ìtanràn. Láwọn ibòmíì, nítorí ẹyẹ tó ń yé ẹyin sórí iyanrìn ni wọ́n ṣe máa ń ní kí ajá wà lórí okùn nígbà ìrúwé. Ibi tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ajá wà ní ìpẹ̀kun abúlé, lẹ́yìn àpáta, níbi tí ilé ò ti pọ̀. Ẹ wá wò ó: ẹni tó gba ilé sáàárín gbùngbùn etíkun lè jìnnà síbi tí ajá rẹ̀ ti lè sáré ju ẹni tó gba ilé sẹ́yìn abúlé lọ.

Kí ni Tanímọ̀la wá ń fi gbogbo ọ̀sán ṣe? Ẹ̀yìn gíláàsì ńlá tí wọ́n fi ń wo òkun ló jókòó sí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbó mọ́. Ọmọdé tó gbé korobá ṣeré, ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́, ajá ẹlòmíì: kò sí èyí tó fo. Bó ti ń fẹ́ sùn báyìí ni ẹlòmíì á tún yọ. Ajá tó ti dàgbà nílò oorun tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, ó sì máa ń sun lára rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ara rẹ̀ ti gbóná sódì, ó sì kùn mọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ gbé abọ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Àwa la fẹ́ràn láti máa wo òkun. Ojú ajá kò fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, kì í sì í rí ohun tó jìnnà kedere bíi tiwa. Imú ló fi ń mọ ayé. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbóòórùn nínú imú èèyàn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 sí 6, ti ọ̀pọ̀ ajá sì lé ní mílíọ̀nù 200. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tó gba ẹ̀yìn abúlé kọjá, tí ehoro ti sá gbà lóru, tí ajá mẹ́wàá ti tọ̀ sí ìdí igi rẹ̀, ìwé ìròyìn ni lójú ajá. Etíkun tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀ láti kà.

Ọ̀rọ̀ ooru ló bà mí lẹ́rù jù. Ara ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń làágùn díẹ̀, mímí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ nígbà tó bá wà lálàáfíà jẹ́ nǹkan bíi 38.3 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Etíkun sì rèé, kò sígi, kò síbòòji, iyanrìn gbígbẹ á sì máa jóni bí agbada gbígbóná. Ajá onímú pẹlẹbẹ ni tiẹ̀ burú jù fún, torí ọ̀nà èémí rẹ̀ há.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, nígbà tí mi ò lè mú un sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, mo mú un rìn lójú títì ọlọ́dà tó wà lókè etíkun, láàárín ọ̀sán. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí mi lára, mo ń rò pé ibẹ̀ tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé ti òsì. Mo rò pé òkúta ló há sí i. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, awọ dúdú náà ti lé ròrò níbì kan, ó sì ti bó níbòmíì, ẹran pupa ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e padà sílé láyà mi. Ó ń lá ẹsẹ̀ náà mọ́jú. Láti ọjọ́ náà, kí n tó mú un jáde, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kanlẹ̀, màá sì kà dé méje. Bí mi ò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ajá mi ò ní tẹ ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé tí wọn ò bá gba ajá àwọn láàyè lórí iyanrìn, àwọn á fi í sínú mọ́tò fúngbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí ooru ìta bá wà ní 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ara yín sì tutù pẹ̀sẹ̀, inú mọ́tò tó wà lóòrùn lè dé 47 láàárín wákàtí kan.

Omi òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lítà kan rẹ̀ ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ajá tó ń gbá ìgbì mu torí òùngbẹ máa ń bì, ó máa ń yàgbẹ́, tó bá sì pọ̀ lára rẹ̀, ó lè máa gbọ̀n tàbí kó dákú. Ohun tí mo kíyè sí ni pé ilé tó súnmọ́ omi jù ló ń jẹ́ ká gbàgbé èyí. Ẹni tó máa rin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé etíkun á gbé ìgò omi àti abọ́ dání. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á sọ pé, “A ò ṣáà lọ jìnnà,” á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù tí à ń jù fún ajá lórí iyanrìn: ìgbàkigbà tó bá he é, ó ń gbé iyanrìn mì, iyanrìn náà sì lè dì sínú ìfun rẹ̀ débi tí dókítà ẹranko á fi ní láti gbà á sílẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bí ẹni pé orí kunkun ló ń dà á láàmú. Létí òkun, ajá tó gbọ́ràn jù lọ lè má gbọ́ fèrè náà rárá. Ariwo ìgbì àti atẹ́gùn máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀, ẹ lè máa pariwo orúkọ ajá yín ní ogójì ìṣísẹ̀ péré kí ó má sì gbọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tó ṣí tààrà sórí iyanrìn, tí gbogbo èèyàn ń yìn, fi ń kọ mí lóminú. Ọmọdé kan á ṣí i, ajá á jáde láìsí okùn lọ́rùn. Òkun náà kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, á kún, á tún fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 25, nígbà tí oṣù bá sì lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, ìkún rẹ̀ máa ń ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iyanrìn gbọọrọ tí ẹ rí nínú fọ́tò lè di omi pátápátá níbi tí ẹ dúró sí. Bí ìgbì bá sì gbé ajá yín lọ, ẹ má bọ́ sómi lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń gba èèyàn là lójú omi ò yé kìlọ̀ rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, ajá máa ń wẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ẹni tó ni ín ni kì í jáde. Ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ etíkun.

Ilé tó ń wo òkun tún sábà máa ń ní bákónì. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀. Ajá kékeré lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo ògiri ọgbà náà pẹ̀lú: nínú ọgbà, ó lè dé àyà yín, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta tó jìn. “Ọgbà tó ní ògiri” ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í sọ bó ṣe ga tó, wọn kì í sì í sọ pé ibi tí géètì yẹ kó wà ṣófo.

Lọ́dún kejì, mo gba ilé àtijọ́ kan lẹ́yìn abúlé mìíràn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sómi. Kò síbi tí mo ti lè rí òkun láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ní igi ńlá kan nínú ọgbà, ibòòji rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ẹ̀rọ omi níta, tí mo fi ń ṣan iyọ̀ kúrò lára Tanímọ̀la kó tó wọlé, torí iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ awọ máa ń yún un. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Aago mẹ́fà ìdájí la máa ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun tó wà lápá ibi tí wọ́n ti gba ajá láàyè, a ó sáré, a ó wọ omi, a ó sì ti padà kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà, á nà gbọọrọ sábẹ́ igi, á sùn títí ọwọ́ ọ̀sán á fi rọ̀. Owó ilé náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Mi ò sọ pé ilé etí omi ò dára fún ajá kankan o. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù lẹ ń lọ, tí òfin ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí iyanrìn tutù, tí èrò ti ṣí lọ, ó lè dùn gan-an. Ajá àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn, tí kò lè rin ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, nílò ilé tó súnmọ́ ibi tó ti lè tẹ iyanrìn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbà á láàyè ni kí ẹ fi wọn jíjìnnà, ẹ má fi òkun wọ̀n ọ́n. Ẹ ka òfin etíkun náà fún oṣù tí ẹ ń lọ gan-an kí ẹ tó wo ilé kankan, kí ẹ sì wá ibi tí dókítà ẹranko wà, torí ìlú kejì ló sábà máa ń wà, kì í sí lábúlé.

Ilé tí mo gbà fún ọdún yìí, mo bi ìyá tó ni ín bóyá ó lè ya fọ́tò géètì rẹ̀ fún mi. Fídíò ló fi ránṣẹ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti géètì náà pa, ó fà á wò bóyá á ṣí, ó rìn yí gbogbo ọgbà ká, ó sì dúró síbi tí ọgbà náà ti rẹlẹ̀ jù kí n lè rí i. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Ajá yín, báwo ló ṣe lè fò ga tó?” Kò tíì sọ iye owó rẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ la ń lọ.