Inú ọ̀sà kọ́ ni atoko ti ń yé ẹyin

Ẹnì kan tún sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ bíbí ọ̀sà ni ẹja atoko, pé kò sóhun tó pa òun àti òkun pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ọmọ atoko kún etí ọ̀sà. Wọ́n kún ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré lè má jẹ́ ibi tí wọ́n bí i sí.

Ẹ wo adágún Gálílì ní Ísírẹ́lì. Omi ibẹ̀ kì í ṣe omi òkun, odò Jọ́dánì tó ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ kì í sì í dé òkun ńlá, inú Òkun Òkú ló ń parí sí. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń kó ọmọ atoko, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mugil cephalus, dà síbẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sanra, wọ́n ń di ẹja ńlá tí àwọn apẹja ń rí pa. Ṣùgbọ́n wọn kì í bímọ. Léraléra ni wọ́n ní láti lọ kó ọmọ ẹja mìíràn wá láti etí Òkun Mẹditaréníà.

Íjíbítì nìyẹn náà, tí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń sin atoko tó o láyé. Etíkun ni wọ́n ti ń fi àwọ̀n kó ọmọ tí wọ́n ń sìn. Bí ẹja yìí bá ń yé nínú adágún, ta ni ì bá ṣe wàhálà yẹn? Ní Taiwan àti Hawaii, abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó ni wọ́n ń gún abo rẹ̀ kó tó lè yé níbi tí wọ́n sé e mọ́.

Èmi fúnra mi ti la inú atoko ọ̀sà púpọ̀. Mo máa ń bá ẹyin níbẹ̀, ó le, ó so mọ́ra. Èyí tó ti gbó, tó ń dà jáde bí èèyàn bá ṣe ń tẹ ikùn ẹja, n kò rí i rí nínú èyí tí wọ́n pa nínú ọ̀sà.

Bí àsìkò bá tó, agbo ńlá ni wọ́n máa ń kó jáde sí òkun. Ní Gulf of Mexico, wọ́n ti rí wọn tí wọ́n ń yé níbi tó jìnnà sí èbúté, tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ. Abo kan lè yé ẹyin 500,000 sí mílíọ̀nù 2. Ẹ̀kán òróró wà nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ kó léfòó lójú omi òkun. Níbi tí iyọ̀ kò bá ti tó, ṣe ló máa rì. Nǹkan bí ọjọ́ méjì ni ẹyin fi ń pa, nǹkan bíi mìlímítà 2.4 sì ni ọmọ náà máa ń gùn. Ìgbà tó bá tó mìlímítà 16 sí 20 ló tó ń wá ọ̀nà ọ̀sà. Àwọn wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí létí omi yẹn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá.

Mo gbà pé irú ẹja méjì tó jẹ́ ìbátan atoko, tí wọ́n kó lọ sí Òkun Caspian, adágún ńlá tí ilẹ̀ yí ká, ní àwọn ọdún 1930 ń bímọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ibẹ̀ kò tó ti òkun gidi. Irú ẹja mìíràn ni wọ́n, iyọ̀ sì wà níbẹ̀ náà.

Àwọn tó ń na àwọ̀n dí ẹnu ọ̀sà lásìkò tí abo elẹ́yin ń jáde a máa ní kò séwu, pé àwọn tó kù nínú ọ̀sà á bímọ rọ́pò wọn. Wọn ò lè bí i níbẹ̀. Àwọn tó ń jáde yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ lọ bímọ.