Ọwọ́ Òsì Nìkan Kọ́ Ni A Fi Ń Tọ́ Ọmọ

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni fídíò kan ti ń kiri láti orí fóònù kan dé òmíràn láàárín àwa onígbàgbọ́. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó tẹrí ba, wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí etí gbogbo ìjọ: pé inú ẹgbẹ́ akọrin ni òun wà tẹ́lẹ̀, pé òun kúrò lọ́nà Olúwa, pé òun lóyún fún ọkùnrin tí kò gbé òun níyàwó, pé òun ti padà dé, kí ìjọ jọ̀wọ́ dárí ji òun. Ìjẹ́wọ́ náà kò dùn mí tó ohùn ẹni tí ó ń ya fídíò náà, tí a gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ó sún díẹ̀, kí òun lè rí ojú ọmọ náà dáadáa. Nínú àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi kọ́gbọ́n.

Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Kò sí òbí tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la èyí yé: ẹkún ọmọ kì í tíì dá tí ìyá rẹ̀ yóò ti fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ọ̀pọ̀ ìjọ wa le, ó yá, ó sì mọ ibi tí yóò bà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni mo ń wá tí n kò rí.

Èmi kò sọ pé kí ìjọ má bá ọmọ wí. Ìbáwí wà nínú Ìwé Mímọ́, ìjọ tí kò bá sì lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun tí ó ṣe kò dára kò fẹ́ràn ọmọ náà. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n yọ ọkùnrin kan tí ó ń bá aya baba rẹ̀ gbé kúrò láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kejì, ó mẹ́nu ba ẹnì kan tí ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ gbà pé ọkùnrin yẹn kan náà ni, ó sì ní ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ẹ́ tó, kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ àpọ̀jù má baà gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni a kì í gbọ́ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo alàgbà mọ̀ lórí.

Mo ti rí lẹ́tà ìbáwí rí. Orí bébà ìjọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, òǹtẹ̀ akọ̀wé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ìbáwí bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí ọjọ́ ìparí wà, ohun tí wọ́n kọ ni “títí a ó fi rí àyípadà.” Ta ni yóò rí i? Ta ni wọ́n yàn pé kí ó máa lọ wò ó? Onílù ìjọ kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọtí ti ń fà kúrò nínú ìjọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì; láti orí ibùsùn rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ìlù ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí ó sì lè sọ ẹni tí ó ń lù ú àti ibi tí ó ti ṣì í. Títí òjò fi lọ tí ọyẹ́ fi dé, ẹnikẹ́ni kò yọjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, tí ó wọ aṣọ, tí ó gbé Bíbélì. Wọ́n nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn fún un. Nígbà tí ìwàásù sì kan, oníwàásù ya kúrò lórí ẹsẹ̀ Bíbélì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ajá tí ó padà sí èébì rẹ̀, ojú gbogbo èèyàn sì yí sẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Òde àríyá ni ó ti ń lùlù báyìí, ó sì sọ fún mi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí òun káàbọ̀.

Bí a bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìjọ, òwe ni wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn, pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Òótọ́ ni, kò lè jọ ọ́. Àmọ́ Olúwa tí a ń sìn jí dìde pẹ̀lú àpá ní ọwọ́ àti ní ìhà rẹ̀, kò fi wọ́n pamọ́ fún Tọ́másì, èmi kò sì mọ ibi tí a ti rí i kọ́ pé ẹni tí ó bá ní àpá kò gbọdọ̀ jókòó níwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilẹ̀ ọba Róòmù rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti ṣe é. Àwọn onígbàgbọ́ kan kọ̀, wọ́n jìyà, àwọn mìíràn kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀, wọ́n rúbọ, àwọn mìíràn sì fi owó ra ìwé ẹ̀rí náà láìrúbọ. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹkún. Àlùfáà kan ní Róòmù tí ń jẹ́ Novatian ní ìjọ kò lè gbà wọ́n mọ́. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kàn wọlé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, kò fara mọ́ ìhà méjèèjì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní ọdún 251, wọ́n fẹnu kò pé kí a gbé ọ̀rọ̀ oníkálukú yẹ̀ wò, kí ẹni tí ó rúbọ wà nínú ìrònúpìwàdà fún ìgbà pípẹ́, kí ọ̀nà ẹni tí ó ra ìwé kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilẹ̀kùn má sì tì pa mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó di ọdún 325, ìpàdé gbogbogbòò ìjọ ní Nicaea sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn Novatian pé bí wọ́n bá fẹ́ padà sínú ìjọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà láti bá àwọn tí ó ṣubú nígbà inúnibíni, tí a sì ti dá àkókò fún, jẹ oúnjẹ Olúwa pọ̀. Wọ́n dá àkókò fún wọn. Ó ti lé ní 1,700 ọdún tí ìjọ ti mọ̀ pé ìbáwí gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìparí, akọ̀wé ìjọ wa kò sì tíì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ìwọ tí ó ṣáko pẹ̀lú, nítorí pé Cyprian kò gbà fún àwọn tí ó fẹ́ kánjú wọlé láìronúpìwàdà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ kì í ṣe ọmọdé nínú ìgbàgbọ́ mọ́. Wo ẹ̀yìn, kí o sì sọ ohun tí ó gbé ọ ṣubú ní orúkọ rẹ̀. Ṣé àdúrà tí o pa tì nígbà tí owó dé ni? Ṣé ìbínú sí pásítọ̀ ni, tí o wá sọ di ìbínú sí Ọlọ́run? Ọ̀pọ̀ kì í wẹ̀yìn rárá. Wọ́n á ṣubú ní ìjọ kan, wọ́n á kó lọ sí òmíràn tí wọn kò ti mọ̀ wọ́n, kí ọdún tó yípo wọ́n ti di olóyè níbẹ̀, ohun tí ó gbé wọn ṣubú sì bá wọn kó ẹrù lọ. Àwọn mìíràn á tọ wòlíì lọ pé kí ó lé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn jáde lára àwọn. Wọ́n á ra òróró, wọ́n á ra àbẹ́là, wọ́n á wẹ̀ lódò, wọ́n á sanwó. Ta ni Ọlọ́run rán pé kí ó máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ọmọ tí ó ń padà sílé? Ohun tí Ó sọ láti ẹnu Hóséà ni pé, “Èmi ó wo ìfàsẹ́yìn wọn sàn.” Ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí wòlíì Nátánì dojú kọ Ọba Dáfídì lórí aya oníyàwó tí ó bá sùn, pé, “Ìwọ ni ọkùnrin náà,” Dáfídì kò sọ pé obìnrin ni ó ń wẹ̀ níbi tí ojú ti lè tó o. Ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa, ó tán. Nínú Sáàmù 51, kò béèrè pé kí adé òun má bọ́; ayọ̀ ìgbàlà ni ó ní kí Ọlọ́run dá padà fún òun. Ọlọ́run dárí jì í, síbẹ̀ idà kò kúrò nílé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ kó owó ìjọ lọ, tàbí tí ẹ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹ lè padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run lónìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà. Pípadà sórí pẹpẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ má sì fi ẹkún gbà á lọ́wọ́ ìjọ.

Níbo ni ọkùnrin wà nínú fídíò yẹn? Ọmọbìnrin náà kò dá oyún náà ní. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo mọ̀, obìnrin ni ó ń kúnlẹ̀, obìnrin ni ó ń dá aṣọ akọrin padà, ọkùnrin á jókòó sínú agbádá rẹ̀, yóò sì bá wọn ṣe àmín. Bí ó bá jẹ́ ọmọ olówó ìjọ, wọn kò tilẹ̀ ní pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ má fi orúkọ Jésù bò ó.

Jésù tí ẹ ń pè, ẹ wo bí ó ti ṣe ti Pétérù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pétérù sẹ́ ẹ níbi tí wọ́n ti ń yáná nínú àgbàlá olórí àlùfáà. Ní òwúrọ̀ tí àwọn méje pàdé rẹ̀ létí òkun Tìbéríà, iná ẹ̀yín wà nílẹ̀, ẹja wà lórí rẹ̀, àkàrà sì wà, Jésù ní kí wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni ó tó bi Pétérù ní ìbéèrè, ìfẹ́ sì ni ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní kí ó ròyìn ìránṣẹ́bìnrin tí ó ti sẹ́ òun níwájú rẹ̀ fún àwọn mẹ́fà yòókù. Bí ó ti ń dáhùn ni a ń gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa bọ́ àgùntàn. Àwa ń kọ́kọ́ béèrè, à ń fi ebi pa ẹni tí ó ń padà bọ̀, iṣẹ́ ni a sì ń gbà kẹ́yìn tí a kì í dá padà.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kí akọ̀wé ìjọ mú ìwé ìbáwí jáde ní ìpàdé àwọn alàgbà tí ń bọ̀ yìí, kí ẹ ka gbogbo orúkọ tí ó wà níbẹ̀ sókè, kí ẹ kọ ọjọ́ ìparí síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ojú ti ara yín níwájú orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ ibi tí ẹni náà ń gbé mọ́. Kí alàgbà méjì lọ sílé oníkálukú wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n má sì mú ìwé ìdáwó ìkórè lọ́wọ́.