Ṣé kí n ta 3CX mi, kí n fi ra 4CX?

Ọmọ Ọjọ́ọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. JCB 3CX tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá níwájú àti apá tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, ni mo fi ń jẹun, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń yá a fáwọn èèyàn n'Íbàdàn. Sókàwéè, ìpìlẹ̀ ilé, kíkó yẹ̀pẹ̀ sínú típà, gbogbo ẹ̀ náà ló ń ṣe. Òkúta nìkan ló ń dójú tì mí. Tá a bá gbẹ́lẹ̀ débì kan, eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í ha àpáta bí ẹni tó ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò, onílé á sì máa wò mí bíi pé èmi ni mo gbé àpáta síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá nìkan, iṣẹ́ mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ tà á, kí n wá owó lé e, kí n ra 4CX, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú òòlù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Katapílà: Rà á, ọmọ mi. Èmi ti wà lórí ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Lára ọ̀pọ̀ 3CX, táyà iwájú kéré ju ti ẹ̀yìn lọ. Tí òjò bá rọ̀, iwájú yẹn ló máa kọ́kọ́ rì. Ti 4CX, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga dọ́gba. Táyà ẹ̀yìn ń yà bíi ti iwájú, o sì lè ní kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, kó máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀ ń bù ju tìẹ lọ, típà ò ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ.

Mẹ́káníìkì Ìwó Road: Bàbá, ẹ má bínú pé mo ta kò yín. Òkúta lọmọkùnrin yìí ń sunkún lé lórí, ẹrẹ̀ lẹ fi dá a lóhùn. Látìgbà tí JCB ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnì Dieselmax tiẹ̀ ní 2004, lítà 4.4 kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ 3CX àti 4CX. Ibi tí apá wọn ń gbẹ́ dé nínú ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jura: mítà 4 lé díẹ̀, tí apá bá jẹ́ irú èyí tó ń nà jáde, ó ń kọjá mítà 5. Òòlù ló ń fọ́ òkúta, 3CX sì ń gbé òòlù. Ọmọ Ọjọ́ọ̀, dá mi lóhùn: ṣé páìpù ọ́ìlì méjì tí òòlù ń lò wà, tó gba ara apá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ọmọ Ọjọ́ọ̀: Ẹ̀gbọ́n, páìpù méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fi ìdérí irin dí ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí.

Mẹ́káníìkì Ìwó Road: Háà! Ọdún mẹ́fà!

Ìyá Ìbejì Kọ́ńtírátọ̀: Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń sanwó sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, mo yá ọ̀kan ńlá bíi 4CX yẹn fún ilé kan lápá Bẹẹrẹ. Ẹ mọ bí àwọn àdúgbò yẹn ṣe rí, ilé ń fẹnu ko ilé. Ká tó débi iṣẹ́, ó ti gbá ògiri bàbá arúgbó kan lulẹ̀, èmi ni mo tún un mọ. Ọwọ́ àgbàlagbà ni, kò wọ kèrègbè. Ẹ sì wo owó lóòbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ gbọọrọ tó ń gbé ẹ̀rọ, àwa náà lẹ̀ ń kó o lé.

Bàbá Katapílà: Ìyá Ìbejì, awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà, ẹ má fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ. Irú JCB yìí kì í ṣe excavator tó ń fi ẹsẹ̀ onírin rákò, táyà ara ẹ̀ ló fi ń rìn lójú títì. Ta ló ń fi lóòbẹ́ẹ̀dì gbé e káàkiri ìlú?

Ìyá Ìbejì Kọ́ńtírátọ̀: Ẹni tó gbé e wá fún mi ni. Owó ẹ̀ náà ni mo san. Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ!

Ọmọ Olúmọ: Abẹ́òkúta ni mo wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí òkúta. Mo ra òòlù fún 3CX tèmi, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 350 lọ. Kò lò tó ọdún kan tó fi bàjẹ́, ẹ̀bi wa sì ni. Awakọ̀ mi máa ń gún ojú kan ṣáá, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú kan kò gbọdọ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30 lọ. Tí kò bá là, ẹ gbé e kúrò, ẹ wá ibi tí òkúta ti sán. Ó tún máa ń fi ẹnu òòlù ti òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fi ọ̀pá ti ewúrẹ́, gíríìsì tó yẹ kó máa fi sí i ní wákàtí méjì méjì, àárọ̀ nìkan ló ń rántí ẹ̀. Ọ́ìlì gbóná débi pé o ò lè fọwọ́ kan táǹkì. Síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, kọ́kọ́ lọ, pọ́ǹpù tẹ̀ lé e. Owó pọ́ǹpù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òòlù. Tó bá ṣe 4CX ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe bà á jẹ́.

Ará Ìlú Ọba: Sáìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. Wọ́n máa fẹ́ ta quick hitch mọ́ òòlù fún ẹ, kó o lè máa tètè pààrọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì láìlu píìnì jáde. Ó dáa, àmọ́ má ra èyí tí píìnì ààbò rẹ̀ ti sọnù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti já lu èèyàn pa nílẹ̀ yìí nítorí ìyẹn. Tí owó bá kù, ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ ínǹṣì 12. Tó o bá ń fi ti 24 gbẹ́ ojú páìpù omi, ìlọ́po méjì yẹ̀pẹ̀ lò ń kó lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Katapílà: Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé òkúta nìkan niṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó kó ogójì típà yẹ̀pẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú ńkọ́?

Mẹ́káníìkì Ìwó Road: Ẹlòmíì á kó o, Bàbá. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, ẹ ò rí iye tí tòkunbọ̀ ń jẹ́? Tó bá ta ẹ̀rọ tó mọ gbogbo àìsàn ẹ̀, àìsàn ẹlòmíì ló máa rà wálé.

Ọmọ Ọjọ́ọ̀: Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń bọ̀ yìí. Ìdérí kan ṣí, èkejì ti dípẹtà, kò gbà. Mo tún rí pẹ́dààlì kan nísàlẹ̀ níwájú ìjókòó, tí wọ́n fi irin há mọ́lẹ̀. Awakọ̀ mi ní òun rò pé ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ni. Ṣé kí n tú irin yẹn kí n tẹ̀ ẹ́ wò?

Mẹ́káníìkì Ìwó Road: Má tẹ nǹkan kan! Ó jọ pé pẹ́dààlì òòlù nìyẹn. Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ra fílítà àti ọ́ìlì tuntun sílẹ̀ dè mí.

Bàbá Katapílà: Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe bàjẹ́ tán, ẹ mọ ibi tí mo wà.