Ẹ fi ewu iṣẹ́ pín ààyè nínú sọ́fítíwíà PLC, ẹ má fi ipò èèyàn pín in

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́), ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pín àwọn tó ń lò ó sí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá. Oníṣẹ́ iná tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe tipẹ́ lè má lè ka Structured Text (èdè PLC tí a ń fi ọ̀rọ̀ kọ) rárá, síbẹ̀ tó bá gbọ́ ìró fáàfù kan, ó ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó. Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè kọ FOR àti CASE, àwọn àṣẹ inú èdè yẹn, láìronú, kó má sì mọ̀ pé bí lúùpù òun (àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) bá pẹ́ kọjá àkókò tí watchdog (aago tó ń ṣọ́ bí iṣẹ́ PLC ṣe pẹ́ tó) gbà, PLC máa dá iṣẹ́ dúró ni. Èwo nínú wọn ni ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ewu tó wà nínú ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe ló yẹ ká fi pín ààyè, ìyẹn àṣẹ láti ṣe nǹkan.

Ohun tí oníkálukú mọ̀ yàtọ̀ síra, ìdí tí Ladder (èdè PLC tí a ń yà bí àwòrán àtẹ̀gùn) fi wà nìyẹn náà. Nígbà tí Modicon 084, ọ̀kan lára àwọn PLC àkọ́kọ́, jáde ní 1969, àwọn tó ti ń ka àwòrán rile (ohun tó ń fi iná kan tan tàbí pa iná mìíràn) ló máa lò ó, ni wọ́n bá jẹ́ kí kóòdù jọ àwòrán tí wọ́n ti mọ̀. Nígbà tí IEC 61131-3, ìlànà àgbáyé fún èdè PLC, jáde ní 1993, èdè márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, torí pé ojú tí oníkálukú fi ń wo iṣẹ́ yàtọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò ni ẹni tó ń wá àléébù lóru, tí ẹ̀rọ ti dúró, tí gbogbo èèyàn ń wo ojú rẹ̀. Kò wá kọ nǹkan tuntun. Ó fẹ́ tẹ mọ́tò tí kò yí, kí sọ́fítíwíà sọ fún un pé: "Kò tan nítorí sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn ààbò kò tíì pa dé." Bó bá ní láti ṣí ojú ewé mẹ́fà kó tó rí ìyẹn, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Orúkọ àti àlàyé tí wọ́n kọ sínú kóòdù náà ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ PLC àtijọ́ kì í tọ́jú wọn sínú. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá ti sọnù, àdírẹ́sì lásán bíi %IX0.3 àti %QX0.1 nìkan lèèyàn máa rí. Ẹ tọ́jú orúkọ sínú PLC fúnra rẹ̀ níbi tí àyè bá wà. Bí fáìlì orí kọ̀ǹpútà bá sì yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú PLC, ẹ fi ìyàtọ̀ hàn ní ìlà-sí-ìlà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àpẹẹrẹ àléébù tó ń da àwọn tó ń wá àléébù láàmú jù: output (àṣẹ tí PLC ń gbé jáde sí ẹ̀rọ) kan náà tí wọ́n kọ sí ìlà méjì. PLC máa ń ka input (ohun tí sẹ́ńsọ̀ àti bọ́tìnnì sọ fún un), á ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó gbé èsì lọ sí output, nítorí náà ìlà tó kẹ́yìn ló ń borí. Ẹni tó ń wo ìlà 12 rí i pé ó tan, mọ́tò kò sì yí. Ìkìlọ̀ tó farasin láàárín ogójì ìkìlọ̀ mìíràn kò ṣe é lóore. Ẹ kọ ọ́ sára ìlà 12 gan-an: "Ìlà 57 tún ń kọ output yìí, òun ló ń borí."

Ní ti ewu, ipele mẹ́rin tó fún mi. Wíwò lásán: ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà dí i. Yíyí àkókò tàbí ìwọ̀n padà: ẹ jẹ́ kó ní ààlà, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 8. Àtúnṣe nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti force (fífi ipá mú input tàbí output tan tàbí kú): ẹ béèrè orúkọ, ẹ kọ àkókò sílẹ̀. Force ní ewu tirẹ̀, torí lórí ọ̀pọ̀ PLC, ó máa wà níbẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kọ̀ǹpútà; ẹ jẹ́ kó hàn ní gbogbo ojú ewé sọ́fítíwíà, kí sọ́fítíwíà sì béèrè nípa rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìkẹrin ni download (fífi kóòdù ránṣẹ́ sínú PLC) tó ń dá PLC dúró. "Ṣé ó dá ẹ lójú?" kò tó níbẹ̀, ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Ẹ dárúkọ àwọn output tó máa kú, kó rí i pé bíréèkì ẹrù tó wà lókè wà lára wọn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó mọṣẹ́ dunjú. Wọ́n fẹ́ bọ́tìnnì orí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n fẹ́ kí fáìlì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kí Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì) lè fi ẹ̀dà wé ẹ̀dà. Wizard (irinṣẹ́ tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, tó sì ń bá a kọ kóòdù) dára, bí ohun tó bá kọ bá jẹ́ Ladder gidi tí èèyàn lè ṣí kà. Èyí tó ti dé pa ń ran ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́ lónìí ni, ó ń dí ẹni tó máa tún un ṣe lójú lọ́la.

Ohun kan ṣì kù tí mo kà sí gidigidi: bí ẹ bá ti ààyè pa jù, tí ẹnjiníà kò sí nítòsí, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ máa di ti gbogbo ilé iṣẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣe ààyè onígbà díẹ̀: kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i láti ibi tó wà, fún ohun kan ṣoṣo, fún wákàtí kan, kó sì parí fúnra rẹ̀.