Ẹ Má Pe Àgbà Ní Ajókòó-Lásán

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan la jọ ń wo tẹníìsì. Kámẹ́rà kúrò lójú pápá, ó gbé ojú obìnrin kan wá, ó fi awò dúdú bojú, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ni ọmọ yìí bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń sanwó fún un kó lè káwọ́ bọtan ni?"

Inú bí mi. Conchita Martínez ni, ará Sípéènì, tó gba iṣẹ́ kíkọ́ Mirra Andreeva, ọ̀dọ́mọbìnrin eléré tẹníìsì, ní 2024.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ layé ń rí. Ìsàlẹ̀ àpótí ni àkísà wà.

Aṣọ Martínez kò kéré o. Ní 1994, ó na Martina Navratilova 6–4, 3–6, 6–3 nínú àṣekágbá Wimbledon, ìdíje tẹníìsì ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, òun ni obìnrin Sípéènì àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Navratilova ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó ń wá ìkẹwàá. Bó bá ti sáré súnmọ́ àwọ̀n báyìí, Martínez á gba bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkísà wá ńkọ́? Ó dé àṣekágbá ti Ọsirélíà ní 1998, Martina Hingis nà án. Ó dé ti Faransé ní 2000, Mary Pierce gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ipò kejì lágbàáyé ló dé, kò dé ìkíní rí. Ta ni kó kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyà, bí kò ṣe ẹni tíyà ti jẹ?

Ẹ wo ti 2017. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kọ́ Garbiñe Muguruza, eléré ọmọ Sípéènì, kò lè wá sí Wimbledon torí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, ni Martínez bá gba ipò rẹ̀. Nínú àṣekágbá, Venus Williams ti fi 5–4 ṣíwájú, ẹ̀ẹ̀mejì ló ku pọ́ìntì kan ṣoṣo kó gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn abala kìíní eré. Muguruza bọ́ nínú méjèèjì, ló bá gba géèmù mẹ́sàn-án léraléra: 7–5, 6–0. Òfin ibẹ̀ nígbà náà kò sì gbà kí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá eléré sọ̀rọ̀ lórí pápá. Ọmọ ọdún 37 ni Venus lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún 37 náà ni Navratilova ní 1994! Ẹni tó ti kojú irú àgbà ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ilé ló ti sọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tán.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ta ló wá sọ pé àgbà gbọ́dọ̀ pariwo kó tó tún orí ọmọ ṣe? Nínú àṣekágbá ìdíje Indian Wells ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹta 2025, Aryna Sabalenka, tó wà nípò kìíní lágbàáyé nígbà náà, fi 6–2 gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Andreeva, ọmọ ọdún 17. Ọmọ náà ló padà gbé ife lọ. Ìyá ajókòó-lásán wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní obìnrin ò lè darí ọkùnrin, òun náà ni Sípéènì fi ṣe balógun ikọ̀ Davis Cup wọn, ìdíje tẹníìsì àwọn ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè, ní 2015. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, "ẹ lé kóòṣì" ló ń jáde lẹ́nu yín, ẹ̀yin tẹ́ ò di rákẹ́ẹ̀tì mú rí! Ẹ jókòó bíi tiẹ̀ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan fóònù, ká wá wò ó bóyá iṣẹ́ ni àbí eré.